Ẹ Má Wó Ilé Ìdáná Àtijọ́ Yẹn: Ẹ Sọ Ọ́ Di Ilé Adìẹ, Ṣùgbọ́n Ẹ Jẹ́ Kó Mí

  Ọ̀rọ̀ ìlera àti ọ̀rọ̀ ọjà la máa ń sọ níbí. Lónìí, àwọn méjèèjì pàdé nínú ilé kan ṣoṣo, ìyẹn ilé àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé yín.

Ẹ mọ ilé tí mò ń wí. Ilé ìdáná tí ìyá àgbà fi sílẹ̀, tàbí àká tí a kò kó àgbàdo sí mọ́, tàbí yàrá kékeré tí bàbá ń kó ọkọ́ àti àdá sí nígbà kan. Ògiri amọ̀ rẹ̀ ṣì dúró, páànù orí rẹ̀ ti dípẹtà, ilẹ̀kùn rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ewúrẹ́ ló ń sá òjò síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tó bá di alẹ́, adìẹ agboolé yẹn kan náà á gun igi lọ sùn, tàbí kó wọ ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ wà, tàbí kó sùn sínú yàrá tí àwọn ọmọ ń sùn.

Èrò mi nìyí, ẹ lè bá mi jiyàn lórí rẹ̀ nígbà tí mo bá parí. Ilé àtijọ́ yẹn tó láti fi ṣe ilé adìẹ. Kò dìgbà tí a bá ra símẹ́ǹtì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kàn ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, tó kó adìẹ sí i, tó tún ti ilẹ̀kùn pa, ibojì ló gbẹ́ fún wọn. Ohun tí adìẹ ń wá nínú ilé lálẹ́ kò ju mẹ́rin lọ: afẹ́fẹ́, ilẹ̀ gbígbẹ, igi tí yóò bà lé, àti ààbò lọ́wọ́ ohun tó ń pa á jẹ. Mo fi afẹ́fẹ́ ṣáájú, mo sì ní ìdí.

Mo mọ̀ nítorí pé mo ṣe é, mo sì ṣe é lódì. Ilé ìdáná ìyá tó bí ìyá mi ni. Lẹ́yìn tí ìyá àgbà lọ, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fẹ́ wó o, mo ní kó fi sílẹ̀ fún mi. Mo gbá a, mo tún ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣe, mo ra agbébọ̀ ọgbọ̀n àti àkùkọ mẹ́ta. Ẹ̀rù olè àti ẹ̀rù ẹtà ń bà mí, ni mo bá fi amọ̀ dí fèrèsé méjèèjì. Mo rò pé mo gbọ́n. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún, tí ooru mú, tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn kan á ta mí lójú bí ìgbà tí èèyàn ń gé àlùbọ́sà. Àwọn adìẹ ń sín, ojú wọn ń ṣomi. Kí oṣù náà tó parí, mọ́kànlá ti kú. Àwọn kan nínú ilé ní ayé ló ń bá mi jà. Ká sọ òótọ́, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

Òṣìṣẹ́ ìlera ẹran tó wá wò wọ́n kò kọ́kọ́ mú oògùn jáde. Ó lóṣòó sílẹ̀ títí orí rẹ̀ fi wà níbi tí orí adìẹ máa ń wà, ó ní kí èmi náà lóṣòó. Ó ní, “Tàǹtí, ẹ mí dáadáa.” N kò lè mí lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó sáré jáde. Ó ní, “Ohun tí wọ́n ń mí símú láti alẹ́ títí di àárọ̀ nìyẹn.” Ìgbẹ́ adìẹ tó bá rin nínú ilé tí kò ní afẹ́fẹ́ máa ń tú èéfín kan jáde tí ojú kò rí. Amóníà ni wọ́n ń pè é. Á ta adìẹ lójú, á jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀, àìsàn mìíràn á wá rí ọ̀nà wọlé sí i lára. Bí ooru bá tún wá kún un, ó parí.

Látìgbà náà, tí mo bá fẹ́ mọ bí ilé adìẹ kan ṣe rí, n kì í dúró lẹ́nu ọ̀nà. Mo máa ń wọlé láàárọ̀ kùtù, kí wọ́n tó ṣí i pẹ́, mo sì máa ń lóṣòó. Bí ojú rẹ bá ta ọ́ níbẹ̀, ilé náà kò dára, ì báà ní ilẹ̀kùn irin.

Nítorí náà, ká mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ilé náà, ẹ bi í ní ìtàn rẹ̀. Kí ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ tí a ti ń gbin òwú, ọ̀pọ̀ yàrá ẹ̀yìnkùlé ni a kó oògùn apakòkòrò sí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Oògùn yẹn máa ń dà sílẹ̀, ilẹ̀ á mu ún, ògiri amọ̀ náà á mu ún. Adìẹ sì rèé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tan ilẹ̀, kó máa ṣa ògiri jẹ. Ẹyin rẹ̀, àwọn ọmọ wa ló ń jẹ ẹ́. Yàrá tó bá ti gba oògùn òwú, ẹ má ṣe é ní ilé adìẹ, ẹ má sì kó oúnjẹ sí i. Agolo oògùn náà ńkọ́? Ẹ má fi bu omi fún adìẹ, kódà bí ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méje.

Tí ìtàn ilé bá dára, ẹ kó gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ jáde. Ẹ gbá a. Ẹ fi ọkọ́ ha ojú ilẹ̀ àtijọ́ kúrò, ẹ da erùpẹ̀ tuntun sí i, ẹ lù ú kó le, kó sì ga ju ìta lọ kí àgbàrá má baà wọlé. Ẹ fi amọ̀ rírọ̀ dí gbogbo ibi tí ògiri ti là. Ẹ má fojú kéré ìyẹn. Inú ìlà ògiri ni iná adìẹ máa ń sá pamọ́ sí lọ́sàn-án, á wá jáde lálẹ́ láti mu ẹ̀jẹ̀ wọn. Ẹ wọ́n eérú gbígbẹ sílẹ̀. Bí adìẹ bá ti kú níbẹ̀ rí nítorí àrùn, ẹ ṣí ilé náà sílẹ̀ fún oòrùn àti afẹ́fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó kó òmíràn wọlé.

Ó wá kan ògiri. Ilé ìdáná tí a kọ́ fún èèyàn kì í ní fèrèsé tó pọ̀. Adìẹ nílò kí ẹ̀gbẹ́ méjì tó kọjú síra wọn ṣí sílẹ̀, kí afẹ́fẹ́ wọlé níhìn-ín, kó jáde lọ́hùn-ún. Ẹ fi ìsàlẹ̀ ògiri sílẹ̀ títí dé ìbàdí èèyàn kí atẹ́gùn àti òjò má baà lu adìẹ ní tààrà. Òkè rẹ̀ ni kí ẹ ṣí. Bí ó bá ṣeé ṣe, kí ihò náà má wà ní ìlà oòrùn àti ìwọ̀ oòrùn, kí oòrùn má baà ràn wọlé tààrà. Ilé tó ti wà nílẹ̀ kò ṣeé yí padà, mo mọ̀. Bí ojú rẹ̀ bá kọ sí oòrùn, ẹ fi imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko fa etí òrùlé gùn, tàbí kí ẹ gbin ìbẹ́pẹ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ẹ gbọ́ o, mo bẹ̀ yín: ògiri amọ̀ ló gbé òrùlé dúró. Ẹ má fi àáké ṣí i bí ẹni ń wó ilé. Ẹ pe mọlémọlé. Kí ihò jìnnà sí igun ilé, kí ẹ ti igi tó lágbára bọ òkè ibi tí ẹ fẹ́ ṣí kí ẹ tó yọ amọ̀ abẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì fi ògiri sílẹ̀ láàárín ihò kan sí ìkejì. Àwọn ọmọ kò gbọ́dọ̀ wà nítòsí lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá ta àwọ̀n onírin sí ojú ihò náà. Ẹ yan èyí tí ihò rẹ̀ kéré, tí àtàǹpàkò yín kò lè kọjá. Ejò tẹ́ẹ́rẹ́ àti èkúté kì í béèrè ọ̀nà gbòòrò. Ẹni tí agbára rẹ̀ kò ká àwọ̀n onírin lè fi oparun là á ní tínrín, kó kàn án mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Mo ti rí i ní ilé ìyá kan, ó sì dúró dáadáa. Bí òjò bá ń bọ̀ pẹ̀lú ìjì, ẹ ní àpò tí ẹ máa jù sílẹ̀ bí aṣọ fèrèsé. Bí òjò bá dá, ẹ ká a sókè. Páànù máa ń gbóná púpọ̀ lọ́sàn-án. Bí ẹ bá tẹ́ koríko lé e lórí, ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀yin náà mọ òwe tó ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Adìẹ wa kì í fẹ́ sùn sílẹ̀, kì í sì fẹ́ sùn sórí ohun tó ń mì. Ẹ gbé igi dídán tó nípọn bí ọrùn ọwọ́ fún wọn, kó ga sílẹ̀ díẹ̀ ju orúnkún lọ, kó sì kúrò lára ògiri kí ìrù wọn lè ráyè. Kí gbogbo igi náà wà ní ìwọ̀n gíga kan. Bí ẹ bá fi ọ̀kan ga jù, ibẹ̀ ni gbogbo wọn á máa jà sí, èyí tó bá wà lókè á sì máa yàgbẹ́ sára èyí tó wà nísàlẹ̀. Adìẹ kan nílò nǹkan bí ogún sẹ̀ǹtímítà lórí igi. Ẹ bá mi ṣírò: adìẹ 30 nílò mítà 6. Igi méjì tó gùn ní mítà mẹ́ta-mẹ́ta ti tó.

Ìtẹ́ ẹyin ńkọ́? Ọ̀kan fún agbébọ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Apẹ̀rẹ̀ àtijọ́, ìkòkò tó ti fọ́ lẹ́nu, àpótí, gbogbo rẹ̀ ló dára bí koríko gbígbẹ bá wà nínú rẹ̀. Ẹ fi í sí igun tó ṣókùnkùn díẹ̀, kó rẹlẹ̀ ju igi ìsùn lọ. Bó bá ga ju igi lọ, inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, ẹyin yín á sì máa dọ̀tí.

Ilé ìdáná tó jẹ́ mítà mẹ́rin ní gígùn, mítà mẹ́ta ní fífẹ̀, ó jẹ́ mítà 12 lórí ilẹ̀. Fún adìẹ ìbílẹ̀ tó ń jáde lọ́sàn-án, tó kàn ń wọlé sùn, ẹ má kọjá mẹ́rin sí mítà kan. Ìyẹn á fún yín ní 48. Ṣùgbọ́n ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdajì rẹ̀. Adìẹ yín á pọ̀ tó bá yá. Àwọn òròmọdìẹ tí ẹ máa pa náà nílò àyè.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ. Bàbá kan sọ ọ́ lójú mi lọ́jọ́ ọjà: “Ọmọ mi, àwọn baba wa kò kọ́lé fún adìẹ, adìẹ sì wà.” Bàbá, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Agbébọ̀ kan pa ọmọ mẹ́wàá. Lẹ́yìn oṣù méjì, mélòó ló kù? Èyí tí àṣá kò gbé, ẹtà á gbé e. Èyí tí ẹtà kò rí, òjò á pa á. Bí a bá rí mẹ́ta, a ní a ṣoríire. A ti mọ́ra pẹ̀lú òfò yẹn débi pé a kò pè é ní òfò mọ́.

Àwọn mìíràn ní àwọn ń dúró de ètò ìrànlọ́wọ́ kan tí yóò wá kọ́ ilé adìẹ onísímẹ́ǹtì fún àwọn. N kò sọ pé kí ẹ kọ̀ ọ́ bó bá dé. Ṣùgbọ́n ìdúró náà ń jẹ adìẹ yín ju ẹtà lọ. Ìṣẹ́ mọlémọlé ọjọ́ kan, àwọ̀n díẹ̀, igi láti inú oko: ẹ wádìí iye rẹ̀ lọ́dọ̀ yín, kí ẹ fi í wé owó adìẹ tó kú lọ́dún tó kọjá.

Ẹ̀yin ìyá ọmọ, ọ̀rọ̀ ìlera ló kàn. Adìẹ tó ń sùn níbi tí a ti ń dáná tàbí níbi tí ọmọ ń sùn, ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá wa gbé. Ọmọ tó ń rá kòrò á fi ọwọ́ kàn án, á sì ti ọwọ́ bọ ẹnu. Ìgbẹ́ gbuuru ọmọdé lè ti ibẹ̀ wá. Ẹ kó adìẹ lọ sí ilé tirẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbá ibẹ̀. Ìgbẹ́ tí ẹ gbá náà, ẹ má dà á nù. Ẹ kó o jọ pẹ̀lú ewé àti koríko, kó jẹrà dáadáa, lẹ́yìn náà kó wá di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ àti tòmátì.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè ba ọ̀rọ̀ mi jẹ́ lójú àwọn kan. Ilé nìkan kò tó. Àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní lúkúlúkú, tí àwọn dókítà ẹran ń pè ní Newcastle, kò bẹ̀rù ògiri. Nígbà ọyẹ́, ó lè pa gbogbo adìẹ abúlé kan láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí adìẹ bá sì ti ń sùn pọ̀ sójú kan, wéré ni ọ̀kan á kó o ran gbogbo wọn. Ẹni tó ṣe ilé adìẹ láìgba àjẹsára, ó ṣe ọ̀nà tó kúrú fún àrùn ni. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn, àjẹsára ló ń dènà rẹ̀, adìẹ tí ara rẹ̀ ṣì le la sì ń fún. Ẹ fún wọn kí ọyẹ́ tó dé. Èyí tí a ń kán sí ojú adìẹ, ẹ̀ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin la máa ń tún un ṣe. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ òṣìṣẹ́ ìlera ẹran ní kọ́múùnù yín.

Ibí yìí ni ẹgbẹ́ olùgbọ́ ti wúlò. Ìgò àjẹsára kan pọ̀ ju adìẹ agboolé kan lọ, inú òtútù ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bí a bá ti lò ó kù, kò ṣeé tọ́jú pamọ́ di oṣù tó ń bọ̀. Ẹnì kan kò lè dá a rà. Ogún ilé lè dá a rà, kí wọ́n mú ọjọ́ kan, kí wọ́n ṣe gbogbo rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà kí adìẹ tó jáde. Ilé adìẹ tún mú ìyẹn rọrùn: ta ló fẹ́ máa lé adìẹ kiri inú igbó kó tó kán oògùn sí i lójú?

Nípa ọjà, ẹ gbà mí láyè kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Tí adìẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í kú, a máa ń sáré kó àwọn tó kù lọ tà. Ẹ̀bi gbogbo wa ni. Agbọ̀n adìẹ tí a gbé dé ọjà ló ń gbé àrùn dé abúlé mìíràn. Ní ìparí ọdún 2007, wọ́n rí àrùn ẹyẹ tó le gan-an nílẹ̀ wa Benin, ẹ rántí bí ìbẹ̀rù ṣe gba ọjà. Adìẹ tí ẹ bá rà, ẹ má dà á mọ́ tilé lójú ẹsẹ̀. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 14. Bí adìẹ púpọ̀ bá kú lójijì, ẹ má pa wọ́n jẹ, ẹ má tà wọ́n, ẹ má fọwọ́ lásán kó wọn. Ẹ pe òṣìṣẹ́ ìlera ẹran.

Ó ku ìbéèrè kan, òun ló ń da ilé rú jù: adìẹ ta ni? Mo ti rí i tí ìyá tún ilé ìdáná ṣe, tó ra adìẹ, tó ń jí kùtù gbá ilé wọn. Nígbà tí adìẹ di ogójì, tí ọdún Kérésìmesì ń bọ̀, tí owó adìẹ ń gòkè, àwọn kan wá rántí pé ilé bàbá àwọn ni. N kò bá ẹnikẹ́ni jà. Mo ní kí a sọ ọ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀, lójú àgbà ilé: ta ló ni ilé, ta ló ni adìẹ, ta ni yóò máa tọ́jú wọn, kí sì ni owó rẹ̀ wà fún. Ìyá tó mọ̀ pé owó ìwé ọmọ òun ló wà lórí igi yẹn kò ní gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn lálẹ́.

Èmi kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo yọ amọ̀ tí mo fi dí fèrèsé, mo ṣí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo ta àwọ̀n sí i. Adìẹ méjìlélógún tó kù nínú mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó fẹ́ wó ilé yẹn ti wá ń bá mi wá igi ìsùn láti oko báyìí.

Iṣẹ́ tí mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan nìyí kí a tó tún pàdé. Ẹ rìn yíká agboolé yín, kí ẹ ka iye ilé àtijọ́ tó wà níbẹ̀. Ẹ bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìtàn rẹ̀. Ẹ yan ọ̀kan ṣoṣo tó dára, kí gbogbo ẹgbẹ́ para pọ̀ tún un ṣe, kí àwọn yòókù wò ó kọ́. Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí ẹ lóṣòó, kí ẹ mí. Ẹ wá sọ fún wa ohun tí imú yín wí.

Ó dàbọ̀ o. Ilé á tù wá, adìẹ wa á pọ̀, ọmọ wa á dàgbà.